Àwọn Ìyá Aláṣọ Funfun ti Làìbéríà, àti Ohun Tó Kan Ẹgbẹ́ Ọlọ́jà Níbẹ̀

  

Ní mítíǹgì wa tó kọjá, ìyá oníṣu kan dìde bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò rí dáhùn dáadáa kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, àwọn tó wá bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí, tí wọ́n ń pariwo ẹgbẹ́ aráàlú, ẹ̀tọ́ obìnrin, ìjọba àwa-ara-wa, ṣé ó máa bá mi ta iṣu mi ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo délé tí mo bọ́ bàtà, mo rí i pé ìbéèrè gidi ni Ìyá bi mí, ẹ̀rín kọ́ ló tọ́ sí i. Òun ni mo fẹ́ dáhùn níhìn-ín. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un lálẹ́.

TA LÀ Ń PÈ NÍ ẸGBẸ́ ARÁÀLÚ?

Ìjọba wà lápá kan: kánsù, gómìnà, ààrẹ, ọlọ́pàá, kóòtù. Ilé oníkálukú wà lápá kejì: ọkọ, ìyàwó, ọmọ, ẹbí. Ohun tí àwọn èèyàn bá kó ara wọn jọ ṣe láàárín méjèèjì, tí ìjọba kò dá sílẹ̀, tí kì í sì í ṣe òwò ẹnì kan, òun ni ẹgbẹ́ aráàlú. Ẹgbẹ́ àwọn tíṣà wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ awakọ̀, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹgbẹ́ alásàláátù, ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, àti àwọn lọ́yà obìnrin tó ń bá ẹni tí kò lówó rojọ́. Àwa náà wà níbẹ̀. Àwọn tó wá láti ìlú ńlá ń pe orúkọ náà bí ẹni pé ọjà tuntun ni wọ́n gbé dé. Bẹ́ẹ̀, ìyá ìyá wa ti ń ṣe é kí òyìnbó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ìdí tí ìjọba àwa-ara-wa fi nílò irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro mọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo là ń dìbò, ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń ṣèjọba. Lẹ́yìn ọjọ́ ìbò yẹn, ta ni yóò máa bi ẹni tí a yàn léèrè owó ìsọ̀ tó ń gbówó lórí, àti gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ tí wọn ò parí? Bí ẹnì kan ṣoṣo bá lọ síbẹ̀, mègáàdì ni yóò dá a padà lẹ́nu géètì. Bí igba èèyàn bá lọ pẹ̀lú ìwé tí gbogbo wọn fọwọ́ sí, ọ̀gá náà yóò jáde wá kí wọn. Bí obìnrin kò bá sì sí lára àwọn tó kọ ìwé náà, ohun tó ń dun obìnrin kò ní sí nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ìlú kan tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ṣe é, ká wo ibi tí wọ́n ti jèrè àti ibi tí owó ti bọ́ sọnù.

NÍGBÀ TÍ ÌBỌN Ń DÚN

Làìbéríà kò jìnnà sí wa. Etí òkun kan náà ni àwa àti wọn jọ wà, àárín Sierra Leone àti Côte d'Ivoire ni wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ orúkọ ìlú náà nítorí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ṣójà ECOMOG láti ọdún 1990. Àwọn kan padà wálé, àwọn kan ò padà. Ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì 1989 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Charles Taylor gba ẹnu ààlà Côte d'Ivoire wọlé. Ó jà, ó rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n dìbò ní 1997, Taylor di ààrẹ. Nígbà tó di 1999, òmíràn tún bẹ́. Àwọn tó bá ogun méjèèjì lọ tó nǹkan bí 250,000, nínú ìlú tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ kò ju bíi mílíọ̀nù 3 lọ nígbà náà. Wọ́n fi tipátipá sọ ọmọdé di ọmọ ogun. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn obìnrin, mi ò ní kọ ọ́ tán síhìn-ín, nítorí àwọn ọmọ tí yóò ka ìwé yìí fún wa.

Ta ló ń bọ́ ìlú nígbà tí ogun ń jà? Àwọn ọlọ́jà ni. Ọkùnrin tó bá jáde, wọ́n lè pè é ní ọ̀tá kí wọ́n yìnbọn fún un, tàbí kí wọ́n kó ìbọn lé òun náà lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ló ń gbé agbọ̀n kọjá lójú ìdènà àwọn ọmọ ogun, tí wọ́n ń wá ẹ̀gẹ́, ìrẹsì àti epo pupa wọ Monrovia tí í ṣe olú ìlú wọn. Níbi ìdènà wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń gba ọjà, nígbà mìíràn wọ́n ń gba ohun tó ju ọjà lọ. Ẹ̀yin alájàpá tí ẹ mọ ojú ọ̀nà, ó yé yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀.

Àjọ kan wà tó ń rí sí àlàáfíà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, WANEP ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan tó jẹ́ lọ́yà, Thelma Ekiyor, ló mú àbá wá níbẹ̀ pé kí wọ́n dá ẹ̀ka tàwọn obìnrin sílẹ̀, nítorí àwọn ọkùnrin nìkan ló ń jókòó ṣèpàdé lórí ogun tó ń pa gbogbo ilé. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2001, WIPNET ni wọ́n sọ ọ́. Leymah Gbowee ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀ ní Làìbéríà. Kì í ṣe ọmọ olówó, kì í ṣe ìyàwó ẹni ńlá. Ìyá ọlọ́mọ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tọ́jú ọkàn àwọn ọmọ tí ogun ti bà jẹ́, títí kan àwọn tó ti gbé ìbọn rí. Nígbà tí àwọn obìnrin onígbàgbọ́ ń ṣèpàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin ọlọ́pàá kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, Asatu Bah Kenneth, dìde láàárín wọn, ó ní òun náà yóò lọ kó àwọn obìnrin Mùsùlùmí wá. Àwọn kan kọ́kọ́ ń kùn pé báwo ni ìyá ìjọ ṣe máa bá alásàláátù rìn. Èsì tí wọ́n fún wọn ni pé ìbọn kì í bi èèyàn ní ẹ̀sìn tó ń ṣe.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kó èèyàn jọ ló wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Wọn ò pe ìpàdé sí òtẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á lọ dúró lẹ́nu mọ́ṣáláṣí kí wọ́n tó kírun tán. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjà ni wọ́n ń lọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀ kò mọ̀wé, ìwé pélébé tí wọ́n ń pín, àwòrán ni wọ́n yà sínú rẹ̀. Èyí tó mọ̀wé á kà á, èyí tí kò mọ̀wé á wò ó, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa bá kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rántí gbogbo ìwé tí àwa máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ọjà, tó jẹ́ pé àwa mẹ́rin péré la ń kà á.

Ní oṣù Kẹrin 2003, wọ́n jáde. Pápá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja ní Monrovia, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ Ààrẹ Taylor máa ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀, wọ́n fi funfun wérí, kò sí yẹtí, kò sí ẹ̀gbà ọrùn, kò sí àtíkè. Ẹni tó bá wò wọ́n kò lè mọ ìyàwó olówó yàtọ̀ sí ẹni tó ń ta ata gígún. Òòrùn pa wọ́n, òjò pa wọ́n. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè, wọn ò fi nǹkan mìíràn kún un: kí ìbọn dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí àwọn tó ń jà jókòó sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè wá dúró sáàárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú wọ ibẹ̀, wọn kì í gbà fún un. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, mo máa padà sórí rẹ̀.

Ẹ ti lè gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ní àwọn ò ní bá ọkọ àwọn sùn mọ́ títí ogun yóò fi parí. Lóòótọ́ ni, wọ́n kéde rẹ̀. Àmọ́ Gbowee fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ìyẹn kọ́ ló parí ogun, pé ohun tó ṣe ni pé ó mú àwọn oníròyìn wá bá wọn. Mo mẹ́nu kàn án kí ẹnikẹ́ni má baà lọ dá wàhálà sílẹ̀ nílé kó ní akọ̀wé ló kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, Taylor gbà láti rí wọn. Gbowee ka ohun tí wọ́n ń béèrè sí i létí, Taylor sì ṣèlérí pé òun yóò rán èèyàn lọ sí ìpàdé àlàáfíà. Ìpàdé náà bẹ̀rẹ̀ ní Gánà ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 2003. Wọn ò tò ó tì síbẹ̀ o. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n rán àwọn kan lára wọn lọ sí Gánà, àwọn ọmọ Làìbéríà tí ogun ti lé dé ibẹ̀ sì wá kún wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó síta gbọ̀ngàn.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì, ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn olórí ogun wà ní òtẹ́ẹ̀lì tó dára, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń jà sí ẹni tí yóò gba ipò mínísítà èwo. Nílé, bọ́ǹbù ń já lu àwọn tó sá pamọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje, àwọn obìnrin náà wọlé, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n fi apá kọ́ apá, wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò jáde títí wọn yóò fi fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ wá láti mú Gbowee, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá mi, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìyẹn fún yín. Ìhòòhò ìyá ọlọ́mọ, ta ló fẹ́ fi ojú rí i? Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà sún sẹ́yìn. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, ẹni tó gbé ìjọba fún alágbádá níhìn-ín ní 1999, ló ń darí ìpàdé náà. Òun ló jáde wá bẹ̀ wọ́n, òun náà ló sì dá àwọn olórí ogun tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ lé wọn kúrò lọ́nà padà sí àyè wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ojú ìpàdé náà yí padà. Taylor fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, Kàlàbá níhìn-ín ló sì wá jókòó sí, kí wọ́n tó mú un ní 2006. Kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ ogun Sierra Leone ló rán an lẹ́wọ̀n ọdún 50 ní 2012. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ 2003 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà.

Mi ò ní tàn yín jẹ o. Àwọn obìnrin nìkan kọ́ ló parí ogun náà. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti dé ẹ̀yìn ilé Taylor, ayé ti kẹ̀yìn sí i, kóòtù ti gbé ìwé ìmúni jáde lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní jíjókòó wọn kò ṣe nǹkan kan, kó lọ bi àwọn tí wọ́n tì mọ́ inú gbọ̀ngàn yẹn.

Ohun tí wọ́n ṣe kì í sì í ṣe àjèjì sí àwa. Ní Abẹ́òkúta, ní 1947, àwọn obìnrin ọlọ́jà jókòó sí ààfin Aké tọ̀sán tòru nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, pẹ̀lú Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti níwájú wọn. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì dá owó orí obìnrin náà dúró. Ẹ wo bó ṣe jọra: jíjókòó, kíkọrin, àìkúrò.

NÍGBÀ TÍ OGUN PARÍ, IṢẸ́ KÙ

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń parí ìtàn náà sí nìyí. Fún àwa ọlọ́jà, ibi tó ti ń dùn ló kù.

Ní 2005, wọ́n fẹ́ dìbò. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn lọ forúkọ sílẹ̀, àwọn obìnrin kò jáde tó. Ìjọba lè ti sọ pé obìnrin kò bìkítà. Àwọn WIPNET lọ sí ọjà, wọ́n bèèrè pé kí ló dé. Èsì tí wọ́n gbọ́, ẹ̀yin náà lè dáhùn ín: ta ni yóò jókòó ti ọjà mi? Ta ni yóò gbé ọmọ mi? Wọ́n ní ó dáa, ẹ lọ, àwa á jókòó ti ọjà yín, àwa á gbé ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, ẹni kan ń tajà fún ẹnì kejì títí tó fi padà dé pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ parí, nǹkan bí ìdajì àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò jẹ́ obìnrin. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ní ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì, Ellen Johnson Sirleaf borí George Weah, agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé mọ̀. Ó gba nǹkan bí 59 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ìbò yàn ṣe ààrẹ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ ọlọ́jà. Ní 2007 wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ fún àwọn obìnrin ọlọ́jà, wọ́n ń fi tún ọjà kọ́, wọ́n ń yá wọn lówó òwò, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Ní 2011, òun, Gbowee àti obìnrin ará Yemen kan, Tawakkol Karman, jọ gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel.

Ọ̀rọ̀ òfin ló wá kàn, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù. Àwọn lọ́yà obìnrin Làìbéríà ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1994, AFELL ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń ti ìjọba lẹ́yìn, wọ́n ń tì í níwájú, títí òfin kan fi jáde ní 2003 lórí ìyàwó tí wọ́n fẹ́ nílànà ìbílẹ̀. Ṣáájú òfin yẹn, bí ọkọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá kú, ẹbí ọkọ lè kó ohun gbogbo, wọ́n sì lè fẹ́ kó òun náà mọ́ ẹrù. Òfin náà ní opó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ọkọ fi sílẹ̀. Ó ní ohun tí obìnrin bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ, ìbáà jẹ́ kó tó wọlé ọkọ, ìbáà jẹ́ nígbà tó wà nílé ọkọ, tirẹ̀ ni, ó sì lè máa ṣòwò ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹ tún ìyẹn kà. Ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ti òfin mìíràn jáde ní òpin 2005 lórí àwọn tó ń fipá bá obìnrin lò pọ̀, wọ́n sì dá kóòtù ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Monrovia lẹ́yìn náà.

Ní àwọn ìletò wọn, láyé àtijọ́, àwọn àgbà ọkùnrin ní ahéré kan tí wọ́n ń jókòó sí parí ìjà. Àwọn obìnrin lọ kọ́ tiwọn, ahéré àlàáfíà ni wọ́n ń pè é. Ọkọ tó bá ń lu ìyàwó, ẹni méjì tó ń jà sí ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n sí. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á gbé e lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Àjọ UN bá wọn fi bíríkì kọ́ òmíràn lára wọn. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí bí ìrànlọ́wọ́ náà ṣe tẹ̀ lé iṣẹ́: wọ́n ti ń ṣe é kí owó tó dé. Èyí tí mo ti rí nítòsí wa yàtọ̀. Owó á kọ́kọ́ dé, wọn á wá sáré dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ná an, wọn á ya fọ́tò, owó á tán, ẹgbẹ́ náà á tán.

IBI TÍ WỌ́N TI PÀDÁNÙ

Ní 2012, Gbowee, tí Ààrẹ Sirleaf ti yàn sí ipò kan láti máa rí sí ìlàjà ìlú, kọ̀wé fi ipò náà sílẹ̀. Ó sọ ọ́ síta pé ìwà ìbàjẹ́ ń pọ̀, pé Ààrẹ ń fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí ipò ńlá, pé àwọn tálákà kò rí nǹkan. Àwọn kan bínú sí i. Wọ́n ní obìnrin bíi tiwa ni, wọ́n jọ gba ẹ̀bùn ni, kí ló dé tó ń tú u fó? Èmi ò bá wọn bínú. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá ti di ìránṣẹ́ ẹni tó wà lórí oyè, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá wa, ẹgbẹ́ náà ti kú sórí àga. Ìdí rèé tí mo fi ní ọgbọ́n ni wọ́n fi lé òṣèlú kúrò ní pápá ọjà ẹja. Ẹ̀yin náà ẹ rántí àwọn àpò ìrẹsì àti àńkárá olórí èèyàn tó ń dé ọjà wa bí ìbò bá ku oṣù méjì. Mi ò ní kí ẹ má gbà á. Èmi náà gba tèmi, mo fi dá ìró. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó bèèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà tó lè wà pẹ́ ju aṣọ lọ?

Ohun kejì tó bọ́ sọnù ni àga ìgbìmọ̀. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, nígbà tí wọ́n dìbò ní 2017, obìnrin 9 péré ló wọlé nínú àwọn 73 tó wà nílé aṣòfin kékeré wọn. Òfin ìbò tí wọ́n tún ṣe ní 2014 ní kí ẹgbẹ́ òṣèlú "gbìyànjú" kí àwọn tí wọ́n fà kalẹ̀ má dín ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin tàbí obìnrin. Gbìyànjú! Ẹ̀yin tí ẹ ti tajà àwìn rí, bí oníbàárà bá ní òun á gbìyànjú láti san án lọ́jọ́ karùn-ún, ṣé ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti san? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn nínú òfin ló jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di àìtó.

Kẹ́nikẹ́ni má sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí tiwa burú ju tiwọn lọ. Nínú àwọn aṣòfin 360 tó wà nílé kékeré l'Ábújá, àwọn obìnrin tó wọlé ní 2023 kò pé ogún. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2022, àwọn aṣòfin tó wà níbẹ̀ nígbà náà da àwọn àbá òfin tó lè fi kún àyè obìnrin nù, wọ́n sì pọ̀.

OHUN TÓ KÀN WÁ NÍ ỌJÀ TIWA

Ó tó ọdún kan àbọ̀ tí wọ́n ti ní àwọn fẹ́ wó ọjà wa tún un kọ́. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹni méje. Kò sí obìnrin kan nínú wọn, kò sì sí ẹni tó ti fi ìka kan ta nǹkan rí nínú wọn. Nígbà tí a rí àwòrán ọjà tuntun náà, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún obìnrin, kò sí ibi tí ọmọ lè sùn, ìsọ̀ kékeré ti àwọn aláta kò sí níbẹ̀ rárá, àfi ṣọ́ọ̀bù ńlá tí ìyálọ́jà fúnra rẹ̀ ò ní lè san owó rẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán náà kò kórìíra wa. Kò mọ̀ ni. Kò sí ẹni tó wà nítòsí láti sọ fún un.

Ọ̀kan nínú wa tún wà tí ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Ogún ọdún ló fi jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, òun ló ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ ló wà lórí ìwé, nítorí pé ọkọ ló bá a lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ẹbí ọkọ ti wá gbé kọ́kọ́rọ́ lọ. Ẹ mọ àṣà wa: ìyàwó kì í jogún ọkọ nílànà ìbílẹ̀ Yorùbá, ọmọ ló ń jogún. Ohun tó bá jẹ́ ti ìyàwó fúnra rẹ̀ kò sí nínú ogún, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé tòun ni. Ẹni tó bá fi orúkọ sílẹ̀ ní rẹ́jísírì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó láṣẹ ìjọba ní òfin mìíràn tó lè gbà á, ìyẹn la fi ń sọ fún un kó wá lọ́yà. Gbogbo ìyà yìí, lórí rìsíìtì kan.

Nítorí náà, ìyá oníṣu, ẹgbẹ́ aráàlú kò ní bá yín ta iṣu. Ohun tó lè ṣe ni kí ìsọ̀ tí ẹ ti ń ta iṣu má bọ́ lọ́wọ́ yín. Ohun tí àwa aláṣẹ ẹgbẹ́ ti fẹnu kò sí ni pé ní mítíǹgì tó ń bọ̀, lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn tí a bá pàtẹ kúrò, kí oníkálukú mú ìwé ìsọ̀ rẹ̀ dání. Ọmọ ẹgbẹ́ wa méjì tó mọ̀wé yóò jókòó tì wá, wọn á wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Èyí tí kò bá jẹ́ orúkọ ẹni tó ń tajà níbẹ̀, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó jọ kó o lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan náà, gbogbo wa. A ó tún kọ ìwé lórí ìgbìmọ̀ ẹni méje yẹn, pé a fẹ́ obìnrin mẹ́ta nínú rẹ̀ tí wọ́n ń tajà níhìn-ín, ẹni tí kò mọ̀wé á fi ìka tẹ̀ ẹ́. A ò ní kọ "ẹ gbìyànjú" sínú rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ tí kì í pàtẹ lọ́jọ́ Ajé ti gbà láti jókòó ti ọjà fún ẹni tí kò bá lè kúrò. Ìyá oníṣu, ẹ jọ̀ọ́, tiyín ni kí ẹ mú wá ṣáájú.